Níbo Ni Ó Yẹ Kí Kọ́nfígì Máa Gbé? Àyẹ̀wò Ìpín Kẹta Ìwé The Twelve-Factor App

1.0 Ìfáárà

Ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbé ojú kan. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ máa ń kọ́kọ́ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí ó bá ṣe é tán, yóò gbé e lọ sí ibi tí àwọn mìíràn yóò ti dán an wò. Bí ó bá sì yege níbẹ̀, yóò di ohun tí a gbé sí orí sáfà tí gbogbo ayé ti lè lò ó. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ibùdó ni orúkọ tí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ibi wọ̀nyí: ibùdó ìkọ̀wé, ibùdó ìdánwò àti ibùdó ìlò. Kóòdù kan náà ni ó ń lọ láti ibùdó dé ibùdó, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọdọ̀ bá a lọ. Lára wọn ni àdírẹ́sì dátábéèsì, ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ inú dátábéèsì náà, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń bá ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó sọ̀rọ̀, àti bí ètò náà yóò ti ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀ tó. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní kọ́nfígì.

Ìbéèrè pé níbo ni ó yẹ kí a tọ́jú wọn sí lè dàbí ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ létí ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ rárá. Ní ọdún 2016, àwọn olè wọ ibi ìpamọ́ kóòdù kan tí àwọn òṣìṣẹ́ Uber ń lò lórí GitHub. Ibi ìpamọ́ náà kì í ṣe ti gbogbo ayé, síbẹ̀ wọ́n rí ọ̀nà wọ ibẹ̀. Wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ń kó dátà sí lọ́dọ̀ Amazon, wọ́n sì fi í kó àkọsílẹ̀ nípa mílíọ̀nù 57 ènìyàn lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni ilé-iṣẹ́ náà tó jẹ́ kí aráyé gbọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ àti awakọ̀ tí kò mọ ohunkóhun nípa ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà ni ìpalára náà dé bá.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò ni ìdáhùn kan tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀ sí ìbéèrè yìí, èyí tí ó wà ní ìpín kẹta ìwé The Twelve-Factor App. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé ìmọ̀ràn ìpín náà yè kooro ní ibi tí ó ti ya kọ́nfígì kúrò lára kóòdù, ṣùgbọ́n ó da ohun méjì pọ̀ tí ó yẹ kí ó yà sọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun kan tí ìpín kẹta ṣe aláìní wà ní ìpín karùn-ún ìwé kan náà, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kò wò.

2.0 Ìwé náà àti ilé tí ó ti jáde wá

Adam Wiggins ni ó kọ ìwé náà, ó sì gbé e jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2011. Ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá Heroku sílẹ̀ ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ tí Salesforce kéde ní ìparí ọdún 2010 pé òun yóò rà. Iṣẹ́ Heroku ni láti gba kóòdù lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó sì máa bá a tọ́jú rẹ̀ lórí sáfà. Ìpín méjìlá ni ìwé náà ní, òfin kan sì ni ìpín kọ̀ọ̀kan pa. Ní ọdún 2024, Heroku yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé kí wọ́n lè jọ máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe wà ní ọdún 2011 ni àyẹ̀wò yìí dá lé lórí, nítorí pé èyí ni ó kọ́ ìran kan ní iṣẹ́.

Kókó ohun tí ìpín kẹta sọ kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, gbogbo ohun tí ó lè yí padà láti ibùdó dé ibùdó ni kọ́nfígì, kò sì gbọdọ̀ sí nínú kóòdù. Ohun tí kì í yí padà, bí ọ̀nà tí apá kan ètò gbà so mọ́ apá kejì, lè dúró sí inú kóòdù. Èkejì, òṣùwọ̀n kan wà tí a lè fi mọ̀ bóyá a ti yà wọ́n sọ́tọ̀ dáradára: bí a bá lè fi kóòdù náà han gbogbo ayé lójú ẹsẹ̀ láìsí pé ọ̀rọ̀ aṣínà kan tú síta, a jẹ́ pé ó dára. Ẹ̀kẹta, inú àyíká ni kí a kó kọ́nfígì sí. Ohun tí ó pè ní àyíká níhìn-ín ni àwọn orúkọ àti iye tí ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà máa ń fi lé ètò mìíràn lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń gbéra; iye àyíká ni a ó pè wọ́n.

Ọ̀nà tí Wiggins gbà kọ̀wé yẹ fún àkíyèsí. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó sì ń pàṣẹ. Kì í sọ ìtàn, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò pọ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn pẹ́. Àǹfààní irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ ni pé kì í pẹ́ yé ni, kì í sì í tètè kúrò lọ́kàn. Ẹni tí ó kà á lẹ́ẹ̀kan lè máa tún un sọ fún ọdún mẹ́wàá. Ewu rẹ̀ ni pé òfin tí kò bá sọ ìdí rẹ̀ tán máa ń rìn jìnnà ju ibi tí ìdí náà lè bá a dé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìpín kẹta gan-an nìyí.

3.0 Ìtumọ̀ àti òṣùwọ̀n

Bí a bá fi ìtumọ̀ tí Wiggins fún kọ́nfígì sí ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n tí ó fi ń dán an wò, a ó rí i pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ. Ìyípadà ni ìtumọ̀ náà dá lé lórí: ṣé ohun yìí ń yí padà láti ibùdó kan sí òmíràn? Àṣírí ni òṣùwọ̀n náà dá lé lórí: ṣé ohun yìí lè ba nǹkan jẹ́ bí ayé bá rí i? Ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ìdáhùn sí ọ̀kan kò sì sọ ìdáhùn sí èkejì.

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Bí ètò ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń yàtọ̀ ní ibùdó ìkọ̀wé àti ibùdó ìlò, nítorí náà kọ́nfígì ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò pàdánù ohunkóhun bí gbogbo ayé bá mọ̀ ọ́n. Ní ìdà kejì, kọ́kọ́rọ́ kan lè wà tí a fi ń gba àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ó sì jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo náà ni gbogbo ibùdó ń lò. Kì í yí padà, nítorí náà ìtumọ̀ Wiggins kò kà á sí kọ́nfígì; síbẹ̀ àṣírí ni, òṣùwọ̀n rẹ̀ yóò sì bá ẹni tí ó bá fi í sínú kóòdù wí. Ohun kan lè yí padà kí ó má jẹ́ àṣírí. Ohun kan lè jẹ́ àṣírí kí ó má yí padà. Ohun mìíràn sì lè jẹ́ méjèèjì.

Ibi tí ìdàpọ̀ yìí ti hàn gbangba jù lọ ni iye àyíká kan tí Heroku sọ di mímọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ DATABASE_URL. Nínú ìlà kan ṣoṣo yìí ni orúkọ ẹni tí ń wọlé, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àdírẹ́sì sáfà àti orúkọ dátábéèsì jọ wà. Òṣìṣẹ́ tí ó kàn fẹ́ mọ sáfà tí ètò ń bá sọ̀rọ̀ ní láti rí ọ̀rọ̀ aṣínà kí ó tó lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ pa ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ ní láti pa àdírẹ́sì mọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Èyí fi hàn pé àìyà ohun méjì sọ́tọ̀ nínú ìtumọ̀ ti di àìyà wọ́n sọ́tọ̀ nínú iṣẹ́.

4.0 Ohun tí iye àyíká lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Iye àyíká kì í ṣe ohun titun. Láti inú Unix ẹ̀dà keje tí ó jáde ní ọdún 1979 ni ó ti wá, ohun tí wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún ni láti sọ àwọn nǹkan bí ibi tí ilé oníṣẹ́ wà nínú kọ̀ǹpútà àti ibi tí a ti lè rí àwọn ètò tí ó fẹ́ lò. Wiggins ní ẹ̀tọ́ láti yìn ín. Gbogbo èdè kọ̀ǹpútà ni ó lè kà á. A lè yí i padà láìfọwọ́ kan kóòdù. Kò sì rọrùn kí a ṣèèṣì kó o pọ̀ mọ́ kóòdù bí a ti lè ṣèèṣì kó fáìlì.

Ìdí tí àṣìṣe ìkẹyìn yìí fi burú ni pé Git, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn oníṣẹ́ ń lò láti pa ìtàn kóòdù mọ́, kì í gbàgbé. Ẹni tí ó bá yọ ọ̀rọ̀ aṣínà kúrò nínú fáìlì lónìí kò tíì yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn àná. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ohun tí ó kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ó pa ọ̀rọ̀ aṣínà náà rẹ́ pátápátá, kí ó sì gba titun. Lórí kókó yìí, kò sí ohun tí lámèyítọ́ lè fi kún ọ̀rọ̀ Wiggins.

Ṣùgbọ́n àbùkù mẹ́ta wà lára iye àyíká tí ìpín kẹta kò mẹ́nu bà. Àkọ́kọ́ ni pé kò mọ irú ohun tí ó gbé dání. Lẹ́tà lásán ni gbogbo iye àyíká. Bí a bá kọ «false» sínú rẹ̀ láti fi ti ilẹ̀kùn kan, èdè bíi Ruby, Python àti JavaScript yóò kà á sí ọ̀rọ̀ tí kò ṣófo, wọn yóò sì ka ọ̀rọ̀ tí kò ṣófo sí bẹ́ẹ̀ ni, àfi bí ẹni tí ó kọ ètò bá yí i padà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí a rò pé a tì ni yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Èkejì ni pé kì í gbé inú yàrá ara rẹ̀. Ètò tí ó bá bí ètò mìíràn máa ń fi gbogbo iye àyíká rẹ̀ jogún fún ọmọ náà, àfi bí ẹnìkan bá dìídì dá a dúró. Lórí Linux, ẹni tí ó ni ètò náà àti alábòójútó kọ̀ǹpútà lè kà á láti inú /proc. Irinṣẹ́ tí ń ròyìn àṣìṣe lè kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Àṣẹ phpinfo ti PHP sì lè tẹ̀ ẹ́ sójú ewé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá dé ibẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Codecov ní ọdún 2021 jẹ́ ẹ̀rí. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún náà ni ẹnìkan ti yí ètò kékeré kan padà tí àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ náà ń lò ní ibi tí wọ́n ti ń dán kóòdù wò. Ètò tí a yí padà náà ń kó gbogbo iye àyíká tí ó bá níbẹ̀ lọ sí sáfà àjèjì. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni àṣírí tó tú. Olè náà kò ní láti wá kọ́kọ́rọ́ káàkiri. Ibi kan ṣoṣo tí gbogbo ayé gbà láti máa kó wọn sí ni ó lọ.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún àyẹ̀wò yìí, ni pé iye àyíká kò ní ìtàn. Ètò tí ń ṣiṣẹ́ mọ iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Kò mọ iye àná, kò mọ ẹni tí ó yí i padà, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Bí ibùdó ìlò bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró láàárín òru, tí kóòdù kò sì yí padà láti ọ̀sẹ̀ kan, òṣìṣẹ́ tí wọ́n jí lójú oorun kò ní ibi kankan tí ó ti lè kà á pé ẹnìkan ti dín iye ìgbà tí ètò lè kàn sí dátábéèsì kù ní ìrọ̀lẹ́.

5.0 Ìpín karùn-ún tí a gbójú fò

Ṣé Wiggins kò mọ èyí ni? Ẹ̀rí wà pé ó mọ̀ ọ́n. Ìpín karùn-ún ìwé rẹ̀ pín iṣẹ́ sí ìpele mẹ́ta: kíkọ́ ètò, mímú un ṣetán fún ibùdó, àti mímú un ṣiṣẹ́. Ìpele kejì ni ó ti so ohun tí a kọ́ pọ̀ mọ́ kọ́nfígì ibùdó náà. Àpapọ̀ yìí, ni ó wí, gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. A kò gbọdọ̀ yí i padà lẹ́yìn tí a ti ṣe é. Ṣe ni kí a máa fi titun lé ti àtijọ́ bí ìgbà tí a ń kọ ìwé ìṣirò owó, kí a baà lè padà sí ti àná bí ti òní bá bàjẹ́.

Bí a bá ka ìpín kẹta pọ̀ mọ́ ìpín karùn-ún, ìmọ̀ràn náà yàtọ̀ pátápátá. Kọ́nfígì kì í ṣe iye tí ó kàn ń fò lójú òfuurufú. Ó jẹ́ ìdajì ohun tí a gbé kalẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìtàn gẹ́gẹ́ bí kóòdù ti ní. Bí Heroku ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyí. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tí ó bá yí iye kan padà ti dá àpapọ̀ titun sílẹ̀ tí ó ní nọ́ńbà. Ó lè wo gbogbo èyí tí ó ti kọjá ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ó sì lè fi àṣẹ kan padà sí èyí tí ó bá fẹ́, àti kóòdù àti kọ́nfígì rẹ̀. Ilé tí Wiggins ń gbé ti ń pa ìtàn mọ́, nítorí náà kò rí ìdí tí ó fi ní láti tẹnu mọ́ ọn ní ìpín kẹta.

Àwọn tí ó gba òfin náà lọ sí ibòmíràn kò gbé ilé náà lọ. Wọ́n gbé iye àyíká lọ sí orí sáfà lásán, wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì kan tí kò sí nínú Git, wọ́n sì gbà pé àwọn ti pa òfin mọ́. Irinṣẹ́ dotenv àti fáìlì .env tí ó sọ di gbajúmọ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ rere: fáìlì kọ́nfígì tí kò sí nínú ìtàn kóòdù, tí a lè ṣèèṣì kó mọ́ kóòdù, ni Wiggins kìlọ̀ nípa rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì lò láti dá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ padà. Ẹ̀bi òǹkàwé pọ̀ nínú èyí. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tí ó pín òfin kan sí ìpín méjì láìfi ìpín kẹta tọ́ka sí ìpín karùn-ún ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà.

6.0 Àwọn àtúnṣe tí ó tẹ̀lé e

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ṣe lẹ́yìn ọdún 2011 jẹ́ irú lámèyítọ́ kan lórí ìpín kẹta, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Kubernetes, tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ya ohun tí ó ń pè ní ConfigMap sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ń pè ní Secret, èyí tí ó jẹ́ gbígbà pé ìyípadà àti àṣírí kì í ṣe ọ̀kan náà. A lè fi méjèèjì fún ètò gẹ́gẹ́ bí iye àyíká tàbí gẹ́gẹ́ bí fáìlì. Bí ó bá jẹ́ fáìlì, iye titun lè dé ọ̀dọ̀ ètò láìtún un gbé dìde. Ṣùgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ orúkọ nìkan kò tó: bí a kò bá ṣe ètò mìíràn sí i, bí a ti ń ti Secret mọ́ ibi ìpamọ́ Kubernetes kò ju kí a fi lẹ́tà mìíràn kọ ọ́ lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì dé ibẹ̀ lè dá a padà sí bí ó ti wà.

Rails gba ọ̀nà mìíràn. Ní ẹ̀dà 5.2 rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2018, ó kó àwọn àṣírí sínú fáìlì kan tí a fi ìṣirò tì pa, ó sì gbà kí fáìlì náà wà nínú Git. Bẹ́ẹ̀ ni àṣírí ṣe rí ìtàn. Àtakò tí ẹnìkan lè ṣe ni pé kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣí fáìlì náà kò lè wà nínú fáìlì náà, òtítọ́ sì ni. Rails ní kí a fi í pamọ́ sí fáìlì mìíràn tí kò sí nínú Git, tàbí sí iye àyíká kan. Vault, tí HashiCorp gbé jáde ní ọdún 2015, ń ṣọ́ àṣírí, ó ń kọ orúkọ ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè fún ètò ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí yóò kú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Síbẹ̀ ètò náà ní láti fi ohun kan hàn pé òun ni òun jẹ́ kí Vault tó dá a lóhùn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbogbo èyí ni pé kọ́kọ́rọ́ ìkẹyìn kan yóò kù nígbà gbogbo, ìta kóòdù sì ni yóò ti wá. Níhìn-ín ni Wiggins ti jàre. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹrù tí àyíká ń gbé jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, kí ó má jẹ́ ogójì.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìpín kẹta The Twelve-Factor App fi ìyípadà túmọ̀ kọ́nfígì, ó sì fi àṣírí wọ̀n ọ́n, àti pé ìmọ̀ràn rẹ̀ kò pé láìsí ìpín karùn-ún. Láti inú èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó wà ní àkọlé ti jáde. Ohun tí ó ń yí padà tí kì í ṣe àṣírí, inú ìwé tí ó ní ìtàn ni kí ó wà, níbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lè kà á, tí wọ́n sì ti lè bi ara wọn ní ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà. Àṣírí, yálà ó ń yí padà tàbí kò yí padà, inú ibi ìpamọ́ tí a ń ṣọ́ ni kí ó wà, kí ètò sì gbà á nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. Àyíká ni kí ó gbé orúkọ ibùdó àti kọ́kọ́rọ́ ìkẹyìn. Ètò tí ó bá gbéra tí kò bá ohun tí ó yẹ kí ó bá, kí ó sọ bẹ́ẹ̀, kí ó má sì ṣiṣẹ́. Èyí sàn ju kí ó fi iye òfìfo gba owó lọ́wọ́ oníbàárà.

A lè rò pé ọgbọ́n yìí pọ̀ jù fún ètò kékeré tí ènìyàn méjì ń tọ́jú. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, òfin Wiggins bí ó ti wà tó, bí wọ́n bá lè rántí láti kọ ohun tí wọ́n yí padà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò kékeré kì í wà ní kékeré títí, bí ewé bá sì pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Iye tí a fi ìkánjú kọ sí orí sáfà ní ọdún kìíní ni yóò di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orírun rẹ̀ ní ọdún kẹta, nígbà tí ẹni tí ó kọ ọ́ bá ti lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, tí dátà àwọn ẹni ẹlẹ́ni sì ti kún inú dátábéèsì.